Wọ́n ti kẹ́míìsì àdúgbò wa pa: ta ló ń yẹ ilé oògùn wò, kí ni wọ́n sì ń wá níbẹ̀?

Màmá Ìbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó mọ iṣẹ́ oògùn láàárín yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kẹ́míìsì ńlá kan wà ní ìkóríta wa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra oògùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan gbé ọkọ̀ ìjọba wá síbẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an, nígbà tí wọ́n sì máa jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Látìgbà náà, oníkálukú ló ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan ní oògùn ayédèrú ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹlòmíì ní wọn ò san owó ìwé-àṣẹ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wá sọ fún mi pé irọ́ ni méjèèjì, pé torí wọn ò bá ọ̀gá nílé ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi. Ṣé torí pé ọ̀gá jáde ni wọ́n á ṣe ti ṣọ́ọ̀bù? NAFDAC ni àbí àwọn wo? Ibẹ̀ ni mo ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi, ó sì ṣì ku díẹ̀ nílé. Ṣé kí n dà á nù ni?

ApòògùnÀdúgbò

Màmá Ìbejì, ẹ kú àníyàn Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan ẹ̀mí. Ẹ má dà á nù, ẹ má sì jẹ́ kí Bàbá ṣíwọ́ lílò rẹ̀. Ẹni tó bá já oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru kọjá ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e tòun ti páálí rẹ̀ lọ bá apòògùn mìíràn, kó wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn náà máa parí àti nọ́ńbà batch rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún gbogbo oògùn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó, yóò fún yín ní òmíràn lójú ẹsẹ̀, Bàbá kò ní fo ọjọ́ kankan.

Ó wá ku ti àwọn tó wá. Àwọn èèyàn máa ń ro gbogbo rẹ̀ mọ́ NAFDAC, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń mójú tó oògùn fúnra rẹ̀: ta ló ṣe é, ta ló kó o wọ̀lú, ṣé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú rẹ̀. PCN, ìyẹn Pharmacy Council of Nigeria, ló ń mójú tó èèyàn àti ilé: ta ni apòògùn ibẹ̀, ṣé ìwé-àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí ni, ṣé ilé náà yẹ fún títọ́jú oògùn. Òfin ọdún 2022 ni wọ́n ń lò báyìí, òun ló rọ́pò ti 1992. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan oògùn tó ń di bárakú síni lára, NDLEA, ìyẹn àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà lè dé. Àwọn tí yóò ti ilé nítorí pé kò sí ọ̀gá nílé, PCN nìyẹn.

Ọ̀gá tí ọmọ yẹn sì ń sọ kì í ṣe ẹni tó lówó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó lówó ṣọ́ọ̀bù lè má jẹ́ apòògùn rárá. Superintendent pharmacist ni wọ́n ń wá, ìyẹn apòògùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ ilé náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ilé kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí. Òun ló yẹ kó wo ìwé tí dókítà kọ, kó bi yín bóyá ẹ̀ ń lo oògùn mìíràn, kó tó fún yín. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, ọmọ tó wà ní káńtà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, "ọ̀gá kò sí nílé" tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lára ohun tí wọ́n lè bá ní kẹ́míìsì.

OníPétẹ́ńtì

Ẹ kú àlàyé, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù pétẹ́ńtì, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré tí kò ní apòògùn, ni wọ́n ń dààmú jù. Ní ìletò tí mo wà, kò sí apòògùn, kò sí dókítà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀sán ló máa ń ṣíwọ́. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá lóru, tí mo sì ní òfin kò gbà kí n ta apakòkòrò (antibiotic) fún un, ibo ni kó gbé ọmọ lọ? Ọ̀kadà pàápàá kì í gbé èèyàn jáde láti ibẹ̀ lóru.

Àwọn tó ń bẹ̀ wá wò máa ń ka ohun tí a ò gbọdọ̀ ṣe fún wa: ẹ má gún abẹ́rẹ́, ẹ má ta apakòkòrò, ẹ má tú oògùn láti inú ike sínú bébà. A gbọ́. Ta ló wá ń ka ohun tí ìjọba yẹ kó ṣe fún àwọn ará ìletò? Mi ò sọ̀rọ̀ yìí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń dùn mí ni.

Olùbẹ̀wòÀná

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ ìbẹ̀wò yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, torí náà mo lè sọ ohun tí ojú wa máa ń wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, a kì í kéde ara wa lẹ́nu ọ̀nà. Èmi máa ń dúró díẹ̀ nítòsí káńtà bí oníbàárà, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń tà àti bí wọ́n ṣe ń tà á. Bí ẹnì kan bá ní "ẹ fún mi ní nǹkan fún ara ríro," tí ọmọ tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró funfun, hóró pupa àti hóró aláwọ̀ ewé sínú bébà kékeré kan, mo ti rí ohun tí mo wá wò kí n tó fi káàdì mi hàn.

Lẹ́yìn náà ni n ó béèrè apòògùn. N ó wo ara ògiri: ìwé-àṣẹ ilé gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí ìparí oṣù Kejìlá ni ti ọdún kọ̀ọ̀kan ń kú. Orúkọ apòògùn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó dúró níwájú mi mu. Bí wọ́n bá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ jẹun, n ó jókòó dè é.

Fírííjì ni ibi tí mo fẹ́ràn láti yẹ̀ wò jù, torí fírííjì kì í purọ́. Ínsúlíìnì, àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oxytocin tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà lára abiyamọ, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmómítà ló yẹ kí wọ́n wà. Bí mo bá ṣí i tí mo bá ike ọbẹ̀ àti omi inú ọ̀rá níbẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ń ṣí i wọ́n ń tì í látàárọ̀. Ìwé kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírííjì tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ti rí èyí tí gbogbo ọjọ́ inú oṣù jẹ́ 4, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, nínú oṣù tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé iná kò sí. Ìwé tí wọ́n jókòó kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ó dára kí n rí 11 tí wọ́n kọ sílẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ju kí n rí 4 tí kò jóòótọ́.

Ti àwọn oògùn tó kù náà ṣe pàtàkì. "Má ṣe jẹ́ kó kọjá 30" ló wà lára ọ̀pọ̀ páálí, pẹpẹ tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí láti ojú fèrèsé sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo, níbi tí àwọn oògùn líle ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ apòògùn fúnra rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà lọ́tọ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tó gbà á, dókítà tó kọ ọ́, iye tó kù. Èmi á ka èyí tó kù. Bí ìwé bá ní 20, tí mo bá ka 14, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí 6 lọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 tí ìjọba ti fòfin de kíkó omi ìkọ́ oníkódíìn wọ̀lú àti ṣíṣe é nílé, a máa ń wo ẹ̀yìn pẹpẹ àti abẹ́ káńtà dáadáa. Tramadol, oògùn ara ríro tó le, pẹ̀lú: NAFDAC kò forúkọ èyí tó ju 100 mg lọ sílẹ̀, nítorí náà bí mo bá rí 225, mi ò ní láti béèrè ohunkóhun mọ́.

Rìsíìtì ni n ó fi parí. N ó na ọwọ́ mú oògùn kan tó bá wù mí lórí pẹpẹ, n ó ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fi rà á wá. Kẹ́míìsì tó dára á mú un jáde kí omi tó hó. Ibi tí wọ́n ti ń ní "a rà á lọ́jà, wọn kì í fún wa ní rìsíìtì," ibẹ̀ ni ayédèrú ń gbà wọlé.

Bàbá Ìbàdàn

Ọ̀gá Olùbẹ̀wò, ẹ ṣeun. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rìsíìtì yẹn. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn lọ́dún 1990 kò lè gbàgbé. Omi parasẹ́támọ̀ ni wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ara wọn gbóná. Dípò kí ibà lọ, ìtọ̀ dá dúró. Kíndìnrín wọn ló kọṣẹ́. Ní Ìbàdàn níhìn-ín àti ní Jos, àwọn ọmọ tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, 109 ni iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ohun tó wà nínú oògùn náà ni diethylene glycol, nǹkan olóró tó ń dùn lẹ́nu. Propylene glycol tí wọ́n máa ń fi po oògùn ni ẹni tó tà á pè é, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ inú oògùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré, ẹ ó rántí ti ọdún 2008, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín. Nǹkan kan náà, ọ̀nà kan náà, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló bá a lọ. NAFDAC ti wà nígbà náà, Olóògbé Dora Akunyili tó jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ sì ti fi ọdún púpọ̀ gbógun ti oògùn ayédèrú. Síbẹ̀, láti ọwọ́ oníṣòwò kan tí kò ní àṣẹ ni nǹkan yẹn ti gbà wọlé. Bí olùbẹ̀wò bá ní "níbo lẹ ti rà á," òkú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń béèrè.

Ewé Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo jẹ́ apòògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo sì fẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tí a ń pè ní "register and go". Ẹnì kan lówó, kò kọ́ṣẹ́, ó fẹ́ ṣí kẹ́míìsì. Yóò wá apòògùn kan, yóò bá a dá iye kan lọ́dún, wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ, wọn yóò gbé e kọ́ ara ògiri. Apòògùn wà ní ìlú mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀. Kì í débẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá pè é pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀.

Wọ́n ti fi lọ èmi náà. Owó tí wọ́n fẹ́ san fún mi láti má ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ibòmíràn fẹ́ san fún mi láti dúró ní káńtà láti àárọ̀ di alẹ́. Mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n gbà á torí owó ilé. Àwọn mìíràn ti lọ sí ìlú òyìnbó, orúkọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé. Bí ọ̀rọ̀ Màmá Ìbejì ṣe rí yìí, ó jọ pé irú rẹ̀ ni.

ApòògùnÀdúgbò

Ewé Tuntun, o ṣeun tí o kò gbà á. Èmi ò ní àánú ẹni tó bá ya orúkọ rẹ̀ fúnni báyìí. Owó oṣù kò tó, mo mọ̀, mo sì ti bá àwọn tó gbà mí síṣẹ́ jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n aráàlú tó wọ kẹ́míìsì tí ìwé-àṣẹ wà lára ògiri gbà pé apòògùn wà nílé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó jáde níléèwé girama lọ́dún tó kọjá ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá fún aboyún ní ohun tí kò yẹ kí aboyún lò, orúkọ ara ògiri ni yóò dáhùn. PCN ní ìgbìmọ̀ tó ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì ní ilé ẹjọ́ tiwọn tó lè yọ orúkọ apòògùn kúrò nínú ìwé. Wọ́n lè gba iṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí o kọ́ ní yunifásítì lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ agbára tiwọn. Olùbẹ̀wò lè má dé kẹ́míìsì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹ̀yin ń débẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, apòògùn ńkọ́? Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀." Bí ó bá wà, yóò jáde, aṣọ funfun ló sábà máa ń wọ̀, yóò sì fi inú dídùn dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá ti ń wo ojú ara wọn, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ lè fi tó ọ́fíìsì PCN tó wà ní ìpínlẹ̀ yín létí.

OníPétẹ́ńtì, mi ò gbàgbé yín. Ohun tí ẹ sọ nípa ìletò jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ kí ó máa dun gbogbo wa. PCN ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn onípétẹ́ńtì sí ìpele, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìlera tí oníkálukú ní, kí ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìlera àwùjọ lè ṣe ju ẹni tí kò kọ́ ọ lọ. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀. Ní ti ọmọ tó ń wúkọ́ lóru, ohun tó lè gbà á là ni kí ẹ mọ àmì tó léwu: bí ó bá ń mí kíákíá, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ilé ìwòsàn ni kó máa lọ, oògùn ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ dá a dúró.

Màmá Ìbejì

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti gbé oògùn Bàbá lọ sí kẹ́míìsì mìíràn bí ẹ ṣe wí. Apòògùn jáde sí mi, ó wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó tún bi mí nípa oògùn ara ríro tí Bàbá máa ń lò, ó ní èyí tó ń lò yẹn lè máa mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí ní ti ìkóríta.

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń họ lára páálí ńkọ́? Mi ò rí i lára ti Bàbá, ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

ApòògùnÀdúgbò

Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti gbé ètò yẹn jáde: ẹ̀ ń họ ọ́, ẹ̀ ń fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni. Ti ibà àti apakòkòrò ló wọ́pọ̀ jù lára wọn, kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní in. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC ni kò gbọdọ̀ má sí.

OníPétẹ́ńtì

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún Ọ̀gá Olùbẹ̀wò. Àwọn kan wá bá mi nígbà kan, wọ́n ní àwọn jẹ́ olùbẹ̀wò, wọ́n ní kí n san owó ìtanràn sọ́wọ́ àwọn kí àwọn má baà ti ṣọ́ọ̀bù. Mo san án. Kò sí rìsíìtì, mi ò sì rí wọn mọ́. Báwo la ṣe ń mọ ojúlówó? Èkejì: mo ní ike parasẹ́támọ̀ oní-1000 kan tí mo ti ń kà tà, àti páálí díẹ̀ tí ọjọ́ wọn ti kọjá. Kí ni kí n ṣe sí wọn kí wọ́n tó dé?

Olùbẹ̀wòÀná

Àwọn tó gba owó lọ́wọ́ yín yẹn, olè ni wọ́n. Olùbẹ̀wò tòótọ́ á fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn kí ẹ tó béèrè. Á kọ ohun tó bá rí sínú fọ́ọ̀mù, á ní kí ẹ fọwọ́ sí i, á sì fún yín ní ẹ̀dà kan. Owó tí ìjọba bá ní kí ẹ san, àpò ìjọba ní báǹkì ló ń lọ, kì í wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí irú wọn bá tún dé, ẹ ya fọ́tò káàdì wọn, kí ẹ pe ọ́fíìsì PCN kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojúlówó ló ti ilé pa, ẹ má já ohun tí wọ́n fi dì í. Jíjá a jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ lábẹ́ òfin.

Ti ike oní-1000, ẹ má kà á tà mọ́ láti òní lọ. Inú páálí tí iléeṣẹ́ kó o sí ló yẹ kí pétẹ́ńtì ti máa ta oògùn. Hóró tó ti wọ bébà kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà batch, bí wọ́n bá sì ní kí a kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà, kò sí bí ẹni tó rà á yóò ṣe mọ̀ pé tòun ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá yóò gbà á padà.

Àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá, ẹ kó wọn kúrò lórí pẹpẹ lónìí, ẹ kó wọn sínú páálí kan ṣoṣo, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé wọn kì í ṣe títà. Ẹ kọ orúkọ wọn, iye wọn àti nọ́ńbà batch wọn sínú ìwé kan. Ẹ má sun wọ́n lẹ́yìnkùlé, ẹ má dà wọ́n sí odò tàbí ààtàn, ọmọdé á ṣà wọ́n. NAFDAC ló ń mójú tó bíba irú wọn jẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí olùbẹ̀wò bá dé kí ìdáhùn wọn tó dé, ẹ fi páálí náà, ìwé yẹn àti ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ hàn án. Oògùn tó ti kọjá àkókò tó wà lórí pẹpẹ ni ẹ̀ṣẹ̀, èyí tó wà nínú páálí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.